Kí á tó jiyàn lórí kọ̀ǹpútà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wọ̀n ọ́n

Bí ẹnì kan bá kọ ọ́ sínú gúrúùpù pé "Linux yára ju Windows lọ", ìyẹn OS méjì, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, kò tíì sọ nǹkan kan. Lórí kọ̀ǹpútà wo? Iṣẹ́ wo ló fẹ́ fi ṣe? RAM rẹ̀ (ibi tó ń kó iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ sí) tó mélòó? Ṣé hard disk tó ń yí ló wà nínú rẹ̀ ni àbí SSD, tí kò ní ohun tó ń yí? Ẹni tó sì dá a lóhùn pé "irọ́ ni, Windows lọ̀gá" kò sàn jù ú lọ. Láàárín àwa Yorùbá tó wà ní Àbújá àti Òkè Ọya, láti Kubwa dé Lugbe, dé Kàdúná, dé Sábọ́n Gàrì ní Kánò, irú iyàn yìí lè gba òru mọ́jú lórí WhatsApp, kí ẹni tó béèrè láptọ́ọ̀pù tó yẹ kí òun rà ní Banex, ọjà fóònù àti kọ̀ǹpútà ní Àbújá, lọ́la má sì rí ìdáhùn kankan mú lọ.

A kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún ẹni tó bá fẹ́ kí iyàn òun ní òpin. Ohun tó gbà ni wákàtí kan tàbí méjì, dátà díẹ̀, àti ọkàn tó lè gbà nígbà tí òǹkà bá tako ẹni.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ gé iyàn náà kúrú

Iyàn tó ṣeé yanjú máa ń dárúkọ kọ̀ǹpútà kan, iṣẹ́ kan, àti ohun tí a ó fi wọ̀n ọ́n. "Èwo ló dára jù" kò ní òṣùwọ̀n, ìdí nìyẹn tí kì í fi í parí. Ẹ wo èyí: "Lórí ThinkPad T480 tó ní RAM 8 GB àti SSD, láàárín Windows 11 àti Linux Mint 22 (oríṣi Linux kan), èwo ló ń tètè tàn títí browser yóò fi ṣí?" Ẹni méjì tó ní T480, tí ọ̀kan ń lo Windows tí èkejì ń lo Mint, lè fi aago fóònù wọn yanjú ìyẹn lójú ẹsẹ̀.

Bí ẹlòmíràn bá ju ọ̀rọ̀ gbogboogbò sílẹ̀, ẹ má tíì takò ó. Ẹ bi í pé, fún iṣẹ́ wo? Ọ̀pọ̀ iyàn ló ń kú síbẹ̀, torí ẹ ó rí i pé ọ̀kan ń sọ̀rọ̀ gígé fídíò, èkejì ń sọ̀rọ̀ Excel, àwọn méjèèjì ò sì tako ara wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tó wà lọ́wọ́ yín

Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé sítíkà. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ tí wọ́n ti tú tí wọ́n tún tò lè gbé sítíkà Intel i7 kí i5 jókòó sínú. Lórí Windows, ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ kí Task Manager ṣí, kí ẹ wọ Performance. Lábẹ́ CPU, orúkọ processor (ọpọlọ kọ̀ǹpútà) gan-an wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye core rẹ̀, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀. Lábẹ́ Memory, ẹ ó rí iye RAM, bó ṣe yára sí, àti ihò tó ti kún àti èyí tó ṣófo. Lábẹ́ Disk, yóò sọ bóyá SSD ni tàbí HDD. Láti mọ ẹ̀dà Windows, ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ winver. Lórí Linux, àṣẹ kan ṣoṣo nínú Terminal ti tó:

inxi -Fxz

Mint ti ní inxi tẹ́lẹ̀. Lórí Ubuntu, oríṣi Linux mìíràn, sudo apt install inxi ló máa gbé e wá. Ẹ má fo lẹ́tà z yẹn, torí òun ló ń bo serial number àti àdírẹ́sì nẹ́tíwọ́ọ̀kì mọ́lẹ̀ kí ẹ tó fi àbájáde náà ránṣẹ́ sí gbogbo ayé.

Orúkọ processor ni iyàn ti máa ń dàrú jù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé i7 gbọ́dọ̀ ju i5 lọ níbikíbi. Ẹ wo i7-7500U tó jáde ní 2016: core méjì, thread (iṣẹ́ tó lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà) mẹ́rin. Ẹ wá wo i5-8250U tó dé ní 2017: core mẹ́rin, thread mẹ́jọ. Níbi iṣẹ́ tó ń lo gbogbo core, bíi kí a di fáìlì ńlá pọ̀ tàbí kí a yí fídíò padà, i5 yìí ló máa borí. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé dáàṣì ló ń sọ ìran: 7500U jẹ́ ìran keje, 8250U jẹ́ ìran kẹjọ, 1135G7 jẹ́ ìran kọkànlá. Lẹ́tà ìparí náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. U ni èyí tí kì í jẹ iná púpọ̀, wọ́n sábà máa ń ṣe é fún wáàtì 15; H sábà máa ń jẹ́ ti wáàtì 45, ó lágbára, ó sì ń gbóná. Ẹni tó bá gbé i7 tó ní U ko i7 tó ní H lójú kò tíì ṣe ìfiwéra kankan.

AMD, tó ń bá Intel díje, tún wá burú jù. Ryzen 5 7520U àti Ryzen 5 7540U jọra bí ìbejì lórí ìwé ìpolówó, ṣùgbọ́n nọ́ńbà kẹta ni kí ẹ wò. 2 inú 7520U ń sọ pé Zen 2 ni, ìṣètò tó jáde ní 2019. 4 inú 7540U ń sọ pé Zen 4 ni. Ẹni tó bá ra ti àkọ́kọ́ torí pé orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 7, owó ohun tuntun ló san fún ohun àtijọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ìwọ̀n gan-an

Kí ẹ tó wọn ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí kọ̀ǹpútà náà wà ní títàn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí Windows Update àti antivirus parí ohun tí wọ́n ń ṣe lábẹ́lẹ̀. Ẹ ki ṣájà bọ̀ ọ́, torí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù ń dẹwọ́ bó bá wà lórí bátìrì. Ṣájà gan-an ní ọ̀rọ̀ sọ. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan, Dell pàápàá, bí wọn kò bá dá ṣájà mọ̀ tàbí tí wáàtì rẹ̀ kò tó, ṣe ni wọ́n á fa processor sẹ́yìn. Ẹni tó ra ṣájà pọ́ọ́kú létí ọ̀nà á wá máa pariwo pé Windows ló wúwo. Power mode gbọ́dọ̀ wà ní ipò kan náà lórí kọ̀ǹpútà méjèèjì. Ẹ dán an wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ mú òǹkà tó bọ́ sí àárín.

Ní ìhà tiwa níhìn-ín, ooru wà lára ìdánwò. Láti oṣù kẹta sí ìkarùn-ún, ìta Sókótó tàbí Máídúgùrì máa ń kọjá 40 °C. Láptọ́ọ̀pù tó sáré dáadáa ní àfẹ̀mọ́júmọ́ lè máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀ ní ọ̀sán, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan nǹkan kan nínú rẹ̀. Bí ọyẹ́ bá sì ti dé, eruku á máa kó sẹ́nu fáànù títí afẹ́fẹ́ ò fi ní ráyè kọjá mọ́. Processor tó bá ti sún mọ́ 95 sí 100 °C máa ń dín eré ara rẹ̀ kù kó má baà bàjẹ́. HWiNFO ló máa fi ìgbóná hàn lórí Windows. Lórí Linux, ẹ gbé lm-sensors wọlé, kí ẹ kọ sensors. Bí ẹni tó wà ní Jọ́ọ̀sì bá fi òǹkà tirẹ̀ wé ti ẹni tó wà ní Kánò nínú oṣù kẹrin, ojú ọjọ́ ìlú méjèèjì ni wọ́n ń fi wéra.

Fún processor, ẹ kò nílò ohun ńlá tí yóò jẹ dátà. Fáìlì 7-Zip kò tó 2 MB, ó sì ní ìdánwò nínú: ẹ ṣí i, ẹ lọ sí Tools, ẹ tẹ Benchmark, ẹ jẹ́ kó ṣe ìyípo mẹ́wàá, kí ẹ kọ Total Rating sílẹ̀. Kọ̀ǹpútà méjèèjì gbọ́dọ̀ lo dictionary size kan náà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òǹkà náà ò jọra. Ẹni tó ní dátà lè lo Cinebench R23, torí ó lè ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá gbáko, ibẹ̀ sì ni láptọ́ọ̀pù tó ń gbóná jù ti máa ń fi ara rẹ̀ hàn. Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó bá gbé òǹkà Geekbench 5 sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Geekbench 6, tàbí Cinebench R23 sẹ́gbẹ̀ẹ́ Cinebench 2024. Òṣùwọ̀n wọn yàtọ̀ pátápátá.

Fún dísìkì, CrystalDiskMark ni. Gbogbo ènìyàn ló ń wo ìlà òkè, torí òǹkà ńlá wà níbẹ̀: hard disk bíi 100 MB/s, SSD SATA (ọ̀nà ìsopọ̀ àtijọ́) títí dé nǹkan bí 550, NVMe (ọ̀nà ìsopọ̀ tó yára jù) ti PCIe 3.0 títí dé nǹkan bí 3,500. Ìlà tó kan bí kọ̀ǹpútà ṣe ń ṣe lọ́wọ́ yín ni ti ìsàlẹ̀, RND4K Q1T1, torí pé fáìlì kéékèèké tó fọ́n káàkiri ni Windows ń kà nígbà tó bá ń tàn. Níbẹ̀, hard disk sábà máa ń wà ní nǹkan bí 1 MB/s tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, SSD á sì wà ní ogún lọ sókè. Ìdí nìyẹn tí fífi SSD rọ́pò hard disk fi ń yí ìgbésí ayé ẹni padà, tí kíkúrò lórí SATA bọ́ sí NVMe kò sì fi bẹ́ẹ̀ hàn nígbà tí ẹ bá ń ṣí Word. CrystalDiskInfo á fi ìlera dísìkì àti Power On Hours hàn. Bí òǹtajà bá ní "kò tíì ṣe nǹkan kan", tí ẹ rí wákàtí 20,000, ẹ mọ ohun tí ẹ ó sọ nípa iye owó.

Bátìrì ni èyí tó rọrùn jù, ẹ kò tiẹ̀ nílò íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ kọ:

powercfg /batteryreport

Yóò sọ ibi tó fi fáìlì náà sí. Bí ẹ bá ṣí Command Prompt náà gẹ́gẹ́ bí administrator, inú System32 ló sábà máa ń lọ, àwọn ènìyàn á wá máa wá a kiri nínú fódà tiwọn. Ẹ wá ìlà DESIGN CAPACITY àti FULL CHARGE CAPACITY, ẹ fi àkọ́kọ́ pín èkejì. Bí wọ́n ṣe é fún 50,000 mWh, tó sì jẹ́ 31,000 ló ń gbà báyìí, ìdá 62 nínú ọgọ́rùn-ún ló kù. Pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ tó ń bọ̀ ní Nyanya tàbí Mararaba, òǹkà yìí wúlò ju gbogbo iyàn lórí core lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: àwọn iyàn tó máa ń padà wá

"Fi RAM kún un" àti "fi SSD sí i" ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ jà lé. Ẹ ṣí Task Manager nígbà tí kọ̀ǹpútà bá ń fà. Bí Disk bá wà ní 100% tí Memory ò ju 50% lọ, RAM ò ní ràn yín lọ́wọ́, SSD ni. Bí Memory bá ti kọjá 90% nígbà tí browser ṣí ojúewé mẹ́wàá, RAM ni. Àmọ́ RAM tó dà bíi pé ó kún kì í ṣe àrùn fúnra rẹ̀: Windows àti Linux ń fi àyè tó ṣófo tọ́jú fáìlì tí wọ́n rò pé ẹ máa tún pè. Lórí Linux, ẹ kọ free -h, kí ẹ wo òpó available, ẹ fi òpó free sílẹ̀. Kí ẹ tó sanwó, ẹ rí i dájú pé wọn ò fi sọ́dà lẹ RAM mọ́ bọ́ọ̀dù. Ẹ tún rántí pé M.2 SATA àti M.2 NVMe (SSD kéékèèké pẹlẹbẹ) jọra lójú, ihò tó gba ọ̀kan lè má dá èkejì mọ̀.

Ti Windows 10 ti wá di ìjà tó le. Microsoft dá ìtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025. Ẹni tó ní "ó ti kú" ṣe àsọdùn. Kọ̀ǹpútà náà á ṣì máa tàn, àtúnṣe ààbò ni kò ní máa wá mọ́, àyàfi fún ẹni tó bá forúkọ sílẹ̀ fún ESU, ètò àtúnṣe ààbò àfikún ti Microsoft, èyí tó fi ọdún kan kún un fún kọ̀ǹpútà aládàáni títí di ọjọ́ 13 oṣù kẹwàá 2026. Windows 11 ń béèrè RAM 4 GB, àyè 64 GB, UEFI (BIOS ti òde òní) tó lè ṣe Secure Boot, TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà), àti processor tó wà nínú àkọsílẹ̀ Microsoft, tó túmọ̀ sí ìran kẹjọ sókè fún Intel, yàtọ̀ sí ìwọ̀nba díẹ̀. Ẹ tẹ Windows pẹ̀lú R, kí ẹ kọ tpm.msc. Bó bá ní kò rí TPM, ẹ má tíì ju kọ̀ǹpútà nù. Ó lè jẹ́ pé wọ́n pa á nínú BIOS, ètò tó ń kọ́kọ́ tàn kí Windows tó dé, níbi tí orúkọ rẹ̀ ti máa ń jẹ́ Intel PTT tàbí AMD fTPM.

Ẹ ó rí láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà lọ́jà tí Windows 11 wà lórí rẹ̀, òǹtajà á sì fi ṣe ẹ̀rí pé ó gbà á. Rufus, ètò tí a fi ń kọ OS sórí fíláàṣì, ni wọ́n sábà fi ń fo àyẹ̀wò náà. Yóò ṣiṣẹ́, àmọ́ update ńlá ọdọọdún lè má wá fúnra rẹ̀, ẹ ó máa fi ọwọ́ ṣe é. Nítorí náà "ó wà lórí rẹ̀" àti "ó yẹ fún un" kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà, kí ẹ là á sílẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ rà.

Iyàn lórí Linux kò yẹ kó wà rárá, torí ẹ lè tọ́ ọ wò láìfi sí kọ̀ǹpútà. Ẹ wá fíláàṣì 8 GB. Ẹ kọ́kọ́ fi H2testw dán an wò, torí ayédèrú fíláàṣì tó ń pe ara rẹ̀ ní 64 GB pọ̀ lọ́jà. Ẹ gba ISO (fáìlì tí a fi ń gbé OS wọlé) Linux Mint, tó tó nǹkan bí 3 GB. Ti Ubuntu 24.04 lé ní 5 GB, kí ẹ ro ti dátà. Bí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá já lẹ́nu iṣẹ́, fáìlì náà lè bàjẹ́ láìfi hàn, nítorí náà ẹ wò ó lórí Windows báyìí, kí ẹ fi orúkọ fáìlì tiyín rọ́pò èyí tó wà níbẹ̀:

certutil -hashfile linuxmint.iso SHA256

Ohun tó bá gbé jáde gbọ́dọ̀ bá èyí tó wà lójúewé Mint mu láti orí dé ìdí. Ẹ fi Rufus kọ ọ́ sórí fíláàṣì, ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, kí ẹ tẹ F12 lórí ThinkPad tàbí Dell. Lórí HP, Esc lẹ́yìn náà F9. Nígbà tó bá ṣí, ẹ dán Wi-Fi wò, ohùn, kámẹ́rà, ìmọ́lẹ̀ ojú kọ̀ǹpútà, kí ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé kí ẹ tún ṣí i bóyá yóò jí. Ẹ tẹ ìwé kan láti ara printer yín. Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣiṣẹ́, iyàn ti parí fún kọ̀ǹpútà yẹn. Ẹ má fi eré rẹ̀ lórí fíláàṣì dá a lẹ́jọ́ o, fíláàṣì ló lọ́ra.

Ẹni tó bá fẹ́ fi Linux àti Windows sórí kọ̀ǹpútà kan náà yóò pàdé nǹkan mẹ́ta tí wọ́n sábà máa ń di ẹ̀bi rẹ̀ ru Linux. BitLocker, tó ń ti dísìkì Windows pa, lè béèrè recovery key lẹ́yìn tí ẹ bá fọwọ́ kan BIOS. Ẹ kọ key náà sórí ìwé ṣáájú. Fast Startup, ètò tó ń jẹ́ kí Windows tètè tàn, ń fi dísìkì Windows sílẹ̀ ní ìdajì títì, Linux á sì kọ̀ láti kọ nǹkan sí i. Powercfg /h off, nínú Command Prompt tí ẹ ṣí gẹ́gẹ́ bí administrator, ló ń tán an. Ẹ̀kẹta ni aago. Windows ń fi àkókò ìlú sínú aago bọ́ọ̀dù, Linux sì ń kà á bí UTC. Nàìjíríà sì fi wákàtí kan ṣáájú UTC, nítorí náà ẹ ó máa rí wákàtí kan tó lé tàbí tó dín bí ẹ bá ń bọ́ láti ọ̀kan sí èkejì. Ojútùú rẹ̀ lórí Linux:

timedatectl set-local-rtc 1

MacBook kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀. MacBook Air M1 ti 2020 kò ní fáànù, kò ń jẹ iná púpọ̀, ó sì yára. RAM àti SSD rẹ̀ kò ṣeé pààrọ̀, Boot Camp, tí a fi ń gbé Windows sórí Mac, ò sì sí lórí rẹ̀. Fún ti Intel, Apple ti sọ pé macOS 26 ni ìkẹyìn tí wọ́n ó rí. Ẹni tó fẹ́ ra Mac Intel báyìí, ẹ sọ ìyẹn fún un kó tó sanwó.

Ní ti LibreOffice (ti ọ̀fẹ́) àti Microsoft Office, fáìlì ẹni náà gan-an ni ẹ̀rí. Lẹ́tà àti ìṣirò lásán kò ní wàhálà. Ìwé Excel tó kún fún macro (àṣẹ tó ń ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀) ilé iṣẹ́ ìjọba tàbí ti báńkì ni ó lè fọ́. Ẹ mú ẹ̀dà rẹ̀, ẹ ṣí i, kí ẹ wò ó.

Èyí tó kàn wá jù ni pé "Windows ò lè kọ Yorùbá" tàbí "Linux nìkan ló lè kọ ọ́". Àwọn méjèèjì ní àtẹ bọ́tìnì Yorùbá. Lórí Windows 11, ẹ lọ sí Settings, Time & language, Language & region, kí ẹ fi Yorùbá kún èdè; lórí Linux, lábẹ́ Keyboard, ẹ wá Nigeria, ẹ ó rí Yorùbá, Hausa àti Igbo níbẹ̀. Ibi tí ìṣòro wà ni Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà. á ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ́ àti ọ̀ kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo; lẹ́tà àti àmì ohùn ni a ń so pọ̀. Ẹnì kan lè tẹ ẹ kó wá fi àmì kún un, ẹlòmíràn lè tẹ é kó wá fi àmì sí ìsàlẹ̀. Lójú, wọn ò yàtọ̀. Ètò míì tí ẹ bá fi Ctrl+F wá ọ̀rọ̀ náà yóò ní òun ò rí i. Fọ́ńtì tí kò mọ̀ ọ́n á tún gbé àmì náà sọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ lo Noto Sans tàbí Charis SIL lórí méjèèjì kí ẹ tó dá OS lẹ́bi.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: bí ẹ ó ṣe gbé ẹ̀rí kalẹ̀

Ẹ fi screenshot ránṣẹ́, kì í ṣe fọ́tò tí a fi fóònù yà tí ìmọ́lẹ̀ ń tàn lé lórí. Ẹ pa serial number, orúkọ yín àti í-meèlì yín rẹ́ lára rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ processor, RAM, irú dísìkì, ẹ̀dà OS, ìlú, àti bóyá ṣájà wà lára rẹ̀. Ẹ fi èyí tó tako yín náà sí i. Ẹni tó bá rí i pé ẹ pa òǹkà kan mọ́ kò ní gba èyí tó kù gbọ́.

Bí ẹ̀gbọ́n tó ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe láti ayé Windows XP bá sọ ohun tí òǹkà yín kò gbè, "irọ́ ni" kọ́ ló kàn. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tí mo rí lórí tèmi nìyí. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa ṣe irú rẹ̀ lórí tiyín ká jọ wò ó." Ó lè jẹ́ pé ohun tí wọ́n sọ jẹ́ òótọ́ nígbà hard disk, ó sì lè jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ gbàgbé ṣájà. Ìdánwò kejì ló máa sọ, ojú ò sì ní ti ẹnikẹ́ni níwájú àwọn ọmọdé.

Bí òǹkà yín bá jìnnà síra, ẹ jẹ́ kí ẹnì kẹta tó ní irú kọ̀ǹpútà kan náà ṣe é láìsọ èyí tí ẹ ń retí fún un. Nígbà tó bá ti jọra láti ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta, ẹ so ó mọ́ òkè gúrúùpù (pin) pẹ̀lú ọjọ́ àti nọ́ńbà ẹ̀dà OS lára rẹ̀, torí update oṣù tó ń bọ̀ lè sọ ọ́ di ohun tó yẹ ká tún wọ̀n.